Omi Ò Lọ́tàá, Àmọ́ Ó Ní Ìwọ̀n

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 1994, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí ní Màmá. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí a ti sin màmá wa. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn, òjò ń fẹ́ wọlé." Òjò kankan kò rọ̀. Oòrùn ọ̀sán ló ń ràn gba ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù.

Bọ̀dá mi kì í ṣe ẹni tí ń sọ kántankàntan. Akọ̀wé rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìntì, ẹni tó lè ka orúkọ àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti Ìddó dé Kánò láìfo ọ̀kan. Sìgá ló bá a dàgbà, sìgá náà ló sì ṣe é. Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn ni dókítà sọ fún wa pé kókó jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A ti múra sílẹ̀ de ikọ́, a ti múra sílẹ̀ de rírù. A kò múra sílẹ̀ de kí orí rẹ̀ dàrú láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Kíá ni ẹbí ti pín sí méjì. Àǹtí wa àgbà ní ayé ló ta ọfà sí i, kí a gbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Àbúrò bàbá wa ní jẹjẹrẹ ti gun orí, pé kí a gbé e lọ sílé kó lè kú sórí ẹní ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó wà nígbà náà sì ń fa omi ṣúgà sí i lára, ìgò kan tẹ̀lé òmíràn, nítorí pé kò jẹun. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń gbé ife sí i lẹ́nu: "Ẹ mu omi, Bọ̀dá. Omi ò lọ́tàá." Èmi náà wà lára àwọn tó ń rọ̀ ọ́ pé kó mu ún. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ohun tí a kò mọ̀ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ láàbù ni iṣẹ́ mi. Ọdún 1979 ni mo bẹ̀rẹ̀, ọdún 2012 ni mo fẹ̀yìntì. Nígbà tí Bọ̀dá pè mí ní Màmá, mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tan ẹ̀rọ.

Flame photometer ni orúkọ ẹ̀rọ náà nínú ìwé. Fílémù ni àwa ń pè é. Kò ju rédíò ayé àtijọ́ lọ. Sílíńdà gáàsì wà lábẹ́ tábìlì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá ti ṣáná sí i, iná búlúù kékeré kan á jókòó jẹ́ẹ́ sínú rẹ̀. A ó fi ẹ̀jẹ̀ pòyì títí omi rẹ́súrẹ́sú tó wà nínú rẹ̀ yóò fi dá yà sókè. A ó bu díẹ̀ nínú omi yẹn, a ó fi omi tí kò ní ohunkóhun nínú là á ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, a ó wá ti ẹnu rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ á fà á, á fẹ́ ẹ bí ìrì sínú iná. Lójú ẹsẹ̀ ni iná búlúù yẹn á pàwọ̀ dà, á di yẹ́lò bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Sódíọ̀mù ló ń jó yẹn, èyí tó wà nínú iyọ̀ tí à ń jẹ. Bí yẹ́lò náà bá ṣe tàn tó ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń gòkè tó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí a fi ìka kan ẹnu ìgò, nítorí pé iyọ̀ wà nínú òógùn. Ìka kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú omi náà ti purọ́ fún dókítà.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá, sódíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń wà láàárín mílímóòlù 135 sí 145 nínú lítà kan. Ti Bọ̀dá mi jẹ́ 114. Mo mú ìgò tuntun, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún jẹ́ 114. Mo pa iná, mo jókòó sínú òkùnkùn díẹ̀. Kì í ṣe ayé. Ó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti gun orí. Ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí sódíọ̀mù rẹ̀ wálẹ̀ tó báyìí, omi ló ń wọ̀ ọ́, ó sì ń wú nínú agbárí tí kò ní ibi tí yóò fẹ̀ sí. Orí fífọ́ àti èébì ló máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á máa dàrú. Bí a kò bá sì tètè dá sí i, gìrì á gbé onítọ̀hún, ó sì lè sùn lọ láìjí.

Àwọn tó jẹ́ kí n lè mọ èyí lálẹ́ ọjọ́ náà kò sí ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ ara wọn rí. Ní London ní ọdún 1807, Humphry Davy gbé iná mànàmáná gba inú kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, ó sì rí irin rírọ̀ tó ń dán kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Òun ló sọ ọ́ ní sódíọ̀mù. Ní Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1860, Robert Bunsen àti Gustav Kirchhoff fi hàn pé ohun kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀ nínú iná, pé ti sódíọ̀mù ni yẹ́lò, kódà bó kéré bí eruku. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún kí iná yẹn tó wọ ilé ìwòsàn. Kó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ní láti da kẹ́míkà sí i kó lè dì, kó sẹ́ ẹ, kó gbẹ ẹ́, kó tó wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Kí èsì tó jáde, ara aláìsàn ti yí padà. Ní àwọn ọdún 1940 ni fílémù dé, ohun tó ń gba ọjọ́ sì di ohun ìṣẹ́jú. Ìgbà náà ni àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí sódíọ̀mù ṣe ń wálẹ̀ lára àwọn aláìsàn wọn.

Kí ló ń fà á tó fi ń wálẹ̀? Èrò tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé iyọ̀ ló tán lára. Ẹnì kan ti wá ìdí èyí ní London ní àwọn ọdún 1930: dókítà tó ń jẹ́ Robert McCance. Òun àtàwọn tó yọ̀ǹda ara wọn jẹ oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ rárá, wọ́n sì ń jókòó sínú ooru kí òógùn lè kó èyí tó wà lára wọn jáde. Ẹnu wọn kò mọ adùn mọ́, iṣan ń lọ́ wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń rù. Bí àìníyọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Àmọ́ ara Bọ̀dá mi kò gbẹ. Awọ ara rẹ̀ tutù, ìfúnpá rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ kò jìn. Ohun mìíràn ló ṣe é.

Ohun náà á yé ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ rí. Bí ọbẹ̀ bá tẹ́, ọ̀nà méjì ló lè gbà tẹ́. Ó lè jẹ́ pé iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó. Ó sì lè jẹ́ pé iyọ̀ tó, àmọ́ ẹnì kan ti bu omi lé e. Tí ẹ bá fi ahọ́n tọ́ ọ wò, bákan náà ni méjèèjì máa rí, àmọ́ àtúnṣe wọn kò jọra.

Ta ló ń bu omi lé ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wá, á tú họ́mọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó máa sọ fún kíndìnrín pé kó má jẹ́ kí omi lọ. Ìtọ̀ á ki, á pọ́n. Bí a bá ti mu omi yó, á dáwọ́ dúró, ìtọ̀ á sì tún mọ́. Ernest Verney ní Cambridge ló fi ajá ṣàlàyé èyí yékéyéké ní ọdún 1947: bó bá ti fi omi iyọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí ajá náà, ìtọ̀ rẹ̀ á dínkù, nítorí pé nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀. Vincent du Vigneaud ní New York wá tú àdìpọ̀ họ́mọ̀nù náà palẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1955.

Ní ọdún 1953, Alexander Leaf, Frederic Bartter àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gún àwọn tí ara wọn dá ní abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù yìí, wọ́n sì ń fún wọn ní omi bó ṣe wù wọ́n. Omi jókòó sí wọn lára, sódíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, iyọ̀ sì tún ń bá ìtọ̀ wọn lọ, bí ẹni pé ara kò mọ̀ pé nǹkan ti dínkù. Nígbà tí wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ kan náà tí wọn kò fún wọn lómi, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi ni ọ̀ràn náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni aláìsàn méjì tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kó sọ́wọ́ àwọn tí ojú wọn ti là. William Schwartz ní Boston àti Bartter, pẹ̀lú Warren Bennett àti Sidney Curelop, wọn gbogbo omi tó wọlé sí wọn lára àti gbogbo èyí tó jáde. Kíndìnrín àwọn aláìsàn náà dára. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti là, ìtọ̀ wọn sì ki, iyọ̀ sì ń bá a jáde. Bí wọ́n bá fa omi iyọ̀ sí wọn lára, iyọ̀ náà á kàn gba inú ìtọ̀ lọ ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dín omi mímu wọn kù, sódíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ohun tí wọ́n rí jọ ti àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ní 1953 bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gún àwọn wọ̀nyí ní abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù. Wọ́n ní ara ló ń tu họ́mọ̀nù náà jáde nígbà tí kò yẹ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1957, wọ́n sì fi "ó ṣeé ṣe" sínú àkọlé rẹ̀, nítorí pé kò tíì sí ẹ̀rọ tó lè wọn họ́mọ̀nù náà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ púpọ̀ fún "ó ṣeé ṣe" yẹn. Ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ òun dé ló kọ ọ́.

Ní ọdún 1963, àwọn dókítà kan fún omi inú kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣe iṣẹ́ họ́mọ̀nù náà gan-an. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n tọ́jú ẹ̀yà kókó náà sínú ìgò ní láàbù, ó sì ń ṣe họ́mọ̀nù náà níbẹ̀. Ẹni tó ń bu omi lé ọbẹ̀ ti hàn: kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló ti sọ ara rẹ̀ di aláṣẹ lórí kíndìnrín. Irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan tó máa ń mú àwọn amusìgá, tó sì máa ń yára tàn, ló ń ṣe é jù. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ní in, ó máa ń tó ẹnì kan tí èyí á ṣẹlẹ̀ sí, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Kì í ṣe kókó nìkan. Oògùn tí à ń lò fún jẹjẹrẹ náà lè ṣe é: vincristine, tí wọ́n ń rí lára òdòdó kan tó wá láti Madagascar; cisplatin, tó lè mú kí kíndìnrín máa da iyọ̀ nù; àti cyclophosphamide. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kàn wá dáadáa. Ọdún 1957 kan náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, níbi tí Victor Anomah Ngu, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Cameroon, ti fi oògùn wo àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Burkitt. Ó gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972 nítorí iṣẹ́ náà. Cyclophosphamide wà lára oògùn tó kápá jẹjẹrẹ yẹn jù. Ẹni tó bá gbà á ní láti mu omi dáadáa kí oògùn náà má baà bó àpòòtọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn kan náà lè sọ fún kíndìnrín pé kó di omi mú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí ìtọ́jú bá ṣe ń lọ. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú lè kó iyọ̀ jáde lára, ìyẹn sì ni àìníyọ̀ tòótọ́, tó jẹ́ pé omi iyọ̀ ni wọn á fi tún un ṣe. Dókítà kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni yóò sọ ọ́.

Ohun kan tún wà tó gba ọdún púpọ̀ kó tó yé àwọn dókítà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ní 1959, Raymond Adams àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe àwọn aláìsàn kan tí apá àti ẹsẹ̀ wọn rọ, tí wọn kò lè sọ̀rọ̀, tí wọn kò lè gbé nǹkan mì, tí àárín gbùngbùn ìsàlẹ̀ ọpọlọ wọn sì ti bàjẹ́. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó mọ̀ dájú ohun tó sábà máa ń fà á: pé sódíọ̀mù wọn wálẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n sáré gbé e sókè jù. Richard Sterns wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1986. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń ṣọ́ra kó má baà yára gòkè jù; lóde òní, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kó fi ju nǹkan bíi mílímóòlù 8 nínú lítà kan lọ gòkè láàárín wákàtí 24. Oògùn wà báyìí fún sódíọ̀mù tó wálẹ̀ nítorí họ́mọ̀nù yìí. Ní 2009 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tolvaptan, tó ń dí họ́mọ̀nù náà lọ́nà lára kíndìnrín. Ó wọ́n. Dídín omi kù kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Dókítà tí mo mú èsì Bọ̀dá lọ fún ní òru ọjọ́ náà kò bá wa pariwo. Ó ní kí wọ́n yọ omi ṣúgà. Ó ní kí a gba ìtọ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ náà ki, iyọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀, bíi ti àwọn méjì ti 1957. Ó fún un ní omi iyọ̀ tó ki díẹ̀, kò pọ̀, nítorí gìrì. Lẹ́yìn náà ló ní ife omi mẹ́ta péré ni kó máa mu lóòjọ́, tii àti ẹ̀kọ mímu sì wà lára rẹ̀. Èmi ni mo ń fi ife wọ̀n ọ́n. Àǹtí wa sunkún, ó ní a fẹ́ fi òùngbẹ pa ọmọ òun. Láràárọ̀ ni mo ń tan iná búlúù yẹn: 119, 123, 128.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo wọ wọ́ọ̀dù, ó yí ojú sí mi. Ó ní, "Àjọkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

A bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ lọ́sẹ̀ kejì. Ó lo oṣù mẹ́sàn-án sí i pẹ̀lú wa, orí rẹ̀ pé. Ó jókòó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó gbàdúrà fún un pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, ó pín ohun ìní rẹ̀ láìsí ìjà. Jẹjẹrẹ ló pa á nígbẹ̀yìn. Àmọ́ kò kú sínú òkùnkùn tí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn fẹ́ gbé e wọ̀.

Ẹ má ṣe tìtorí ohun tí mo kọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í po omi iyọ̀ fún aláìsàn. Ẹ rántí oṣù August ọdún 2014, nígbà tí àhesọ tàn káàkiri Nàìjíríà pé omi iyọ̀ ń lé Ẹbólà, tí àwọn kan mu ún, tí wọ́n sì bá a lọ. Ẹ má sì ṣe fi omi du ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ. Bí èèyàn yín tó ní jẹjẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, bó bá ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀, bó bá ń bì tí orí sì ń fọ́ ọ, ẹ má tíì ní ayé ni, ẹ má sì tíì ní ó ti parí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì bi dókítà léèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mélòó ni sódíọ̀mù rẹ̀?"